Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ Àga

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Jẹ́jẹ́, orí mi wà nínú ikùn àga, ìṣó mẹ́rìnlá sì wà lẹ́nu mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń fi aṣọ bo àga kò ní ọwọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ kan ń fa aṣọ, ọwọ́ kejì mú òòlù, ẹnu ló kù tí yóò gbé ìṣó. Bàbá mi lè fi ahọ́n ti ìṣó kan síta lójú ètè, kó máa bá oníbàárà jiyàn lọ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lẹ́nu. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìṣó bá ti wọ ẹnu mi, ọ̀rọ̀ tán. Màmá mi ní ìdí nìyẹn gan-an tí òun fi gbà kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ náà.

Ariwo ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní igbe tí mo ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, adìyẹ tó wà ní òpópónà kẹta fi ìjayà yé ẹyin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, mo sì ti gbàgbé ìdajì rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tó wọ́ nínú ìtàn yìí, ẹ bá mi tún un ṣe.

Mo ṣáà yọ orí jáde, mo rí àga kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bọ̀ láti ìta. Àga ńlá tí kò tíì ní aṣọ, tí kò tíì ní fóòmù, egungun lásán. Ẹsẹ̀ méjì náà wọ sálúbàtà.

"Ẹ káàsán o," ni àga wí. "Níbo ni kí n gbé e sí?"

Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ọkùnrin kan wá jáde lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun pákó kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ dán débi pé mo rí ara mi nínú wọn, mo sì rí i pé mi ò ya irun mi.

Mo fẹ́ kí i káàbọ̀. Mo gbé ìṣó kan mì.

"Tu ìṣó ẹnu rẹ sílẹ̀ kó o tó kí èèyàn!" ni bàbá mi pariwo. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?"

Mo tu wọ́n sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ mi, ó kà wọ́n.

"Mẹ́tàlá nìyí. Mélòó lo kó sẹ́nu?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ó dáa. Máa rọra jókòó o."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí dòní olónìí mi ò rí ìṣó yẹn mọ́. Bí ẹ bá bi mí, màá ní ọkàn mi ló gún, tó sì dúró síbẹ̀.

Òun ló wá ń kan egungun àga fún wa láti ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀yìn ń dun kápẹ́ńtà àgbàlagbà tó ti ń bá wa ṣe é tẹ́lẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, èmi sì jẹ́ ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún.

Àga kan wà nínú àwọn tó kàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Jẹ́jẹ́ wá, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó tún ń mì. Ó tún wá. Ìgbà kẹta tó wá, bàbá mi ti jáde, màmá mi wà ní yàrá ẹ̀yìn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a ń gbọ́ ìró rẹ̀ tàtàtà.

"Ẹsẹ̀ àga yìí lágídí o," ni mo wí. "Ṣé wọ́n gégùn-ún fún un ni?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

"Kò sóhun tó ṣe é kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti tún un ṣe!"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tú u." Kò gbójú sókè. "Bí mo bá ti ń lọ, mo máa ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ lè tún ránṣẹ́ pè mí."

Èmi Ariwo, tí mo lè bá ògiri jà kí ògiri bẹ̀bẹ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tì. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nígbẹ̀yìn tì mí lójú títí di àkókò yìí.

"Ṣé nítorí owó iṣẹ́ ni?"

Ó gbójú sókè. "Nítorí tìẹ ni, òpònú yìí."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí n bá kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ibi tí ọkàn àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yà sí kọ́ ni tèmi ń yà. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin, èmi ni mo máa ń pariwo jù, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ bí inú mi ṣe dákẹ́ tó. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ. Òun nìkan ló gbọ́ ọ.

Oṣù márùn-ún la fi fẹ́ràn ara wa láàárín fóòmù àti aṣọ. Ẹni tó ń pọ́n òkè ńlá kò rí ìyọnu tó tiwa. Bí ẹsẹ̀ bá ró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ á jábọ́ lára ọwọ́. Bí bàbá mi bá wúkọ́, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó síbi tí kò nílò ìṣó. Bó bá ti di ọ̀sán tí Jẹ́jẹ́ ò dé, òòlù mi á máa ṣìnà lọ sórí àtàǹpàkò mi.

"Ariwo mi," ni Jẹ́jẹ́ máa ń wí, "tó o bá ṣì ń lu ọwọ́ rẹ báyìí, kí ni màá dì mú?"

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wa tí àwọn oníbàárà ò mọ̀. Ká tó kan aṣọ ìdí àga dé, a máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sára pákó, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún. Aṣọ á bò ó. Ó di ọjọ́ tí oníṣẹ́ mìíràn bá tú àga náà, bóyá lẹ́yìn ogún ọdún, kí ojú èèyàn tó kàn án. Bàbá mi ní, "A lè parọ́ fún oníbàárà. A kì í parọ́ fún pákó."

Ọ̀gá iléèwé kan, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, gbé àga rẹ̀ wá. Èmi ni wọ́n ní kí n parí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró tì mí. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà bí ẹni ń kọ̀wé sára ògiri: *Ariwo àti Jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnu mi lọ. Ìwọ tó o rí èyí, jọ̀wọ́ bò ó padà.*

"Ṣé orí rẹ pé ṣá?" ni Jẹ́jẹ́ wí. "Bí wọ́n bá rí i ńkọ́?"

"Ogún ọdún! Nígbà yẹn gbogbo wọn á ti fọ́jú."

"Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹni lèèyàn ń kọ síta."

"Ìta kọ́ nìyí. Abẹ́ ìdí ọ̀gá iléèwé ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ kì í rẹ́rìn-ín sókè, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, bí òṣùpá. Ẹ̀rín yẹn pa mí bí ọtí. Mo da fóòmù bo ọ̀rọ̀ náà, mo kan aṣọ pa, mo sì gbàgbé abẹ́rẹ́ gígùn tí a fi ń gún bọ́tìnì wọ àga sínú ibẹ̀, ẹnu ṣóṣóró rẹ̀ kọjú sókè.

Ogún ọdún tí mo wí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Ọ̀gá iléèwé wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọwọ́ kan lórí ìdí, ó ń rìn bí ẹni tó ń jó ijó tí wọn ò kọ́ ọ.

"Ọ̀gá! Àga yín bù mí jẹ!"

"Ẹ má bínú, mà," ni bàbá mi wí. "Àga kì í buni jẹ."

"Èyí léyín!"

Àwọn méjì gbé àga náà wọlé tẹ̀ lé e. Mo sáré dí wọn lọ́nà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tú u fúnra mi."

"Kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo ṣe é."

Ó mú irin ìtú-ìṣó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń kà wọ́n. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo gbà, mo tún gbà wọ́n láti ẹ̀yìn padà síwájú. Ó gbé aṣọ sókè, ó gbé fóòmù sókè, ó sì rí abẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ wá rìn lọ sára pákó. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ọ̀gá iléèwé bi í, ó ń na ọrùn.

"Mo rí i, mà."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé abẹ́rẹ́ sókè kó lè wò ó. Ó fi ọwọ́ òsì da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ó bò ó padà.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, sà."

"Jẹ́jẹ́ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kó o dákẹ́! Kó ìṣó sẹ́nu rẹ!"

Bóyá ká ní mo kó o sẹ́nu ni, ọ̀rọ̀ ì bá má di ohun tó dà. Ṣùgbọ́n ariwo tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà ọmọdé ló gba ọ̀fun mi jáde. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá! Ẹ fi gbogbo ìṣó ayé sí mi lẹ́nu, mo fẹ́ràn rẹ̀!"

"Ta lo fẹ́ràn?"

Ohùn yẹn ti yàrá ẹ̀yìn wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló dúró níbẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ tó ti ya lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Ṣebí-Mo-Wí ni mo máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí láyé yìí tí òun ò ti wí. Bí òjò rọ̀, ó ti wí. Bí kò rọ̀, ó ti wí pé kò ní rọ̀.

"Mo ní, ta lo fẹ́ràn? *Rẹ̀* wo?"

Bàbá mi sáré jókòó lé àga náà. Ìyẹn àti orúkọ Jẹ́jẹ́ tó ti gbọ́ láti yàrá ẹ̀yìn ló sọ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n pè mí sí pálọ̀. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa àga yẹn. Àga tó burú jù nílé oníṣẹ́ àga ni. Apá rẹ̀ kan gbọọrọ ju èkejì lọ, ìdí rẹ̀ ti jìn bí kòtò, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, okùn la máa fi ń fà á jáde. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, màmá mi á rán aṣọ tuntun fún un, bàbá mi á lé gbogbo wa jáde, á ti ilẹ̀kùn, á kan aṣọ náà fúnra rẹ̀.

"Ṣebí mo wí!" ni àǹtí mi bẹ̀rẹ̀. "Ṣebí mo wí pé ẹ̀rín ọmọ yìí pọ̀ jù! Ẹ ní ọmọdé ni. Ọmọdé náà dà?"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi," ni màmá mi wí.

"Kí n rọra kẹ̀? Iná wà lórí òrùlé, ẹ ní kí n rọra!" Ó kọjú sí mi. "Gbọ́, ìwọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wàá lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọ gidi, wàá fẹ́ ẹ. Bí o ò bá lọ, kó jáde nílé yìí, má sì jẹ́ orúkọ wa mọ́. Irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lẹ́ẹ̀kejì!"

Ọwọ́ màmá mi tó ń ká òwú dúró.

"Lẹ́ẹ̀kejì?" ni mo wí. "Ìgbà wo ni àkọ́kọ́?"

Ẹnu àǹtí mi pa dé bí àpótí. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo apá àga tó gbọọrọ yẹn, ó ń fi àtàǹpàkò rọra ra á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ní ọjọ́rú mo lọ bá Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ibi iṣẹ́ pákó ọ̀gá rẹ̀. Ó ń di ayùn àti òòlù rẹ̀ sínú àpò.

"Àǹtí rẹ ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀," ló wí. "Ó ní kí n kó irinṣẹ́ mi, kí àwọn èèyàn tó gbọ́."

"Èmi ni mo fà á. Èmi àti pẹ́ńsùlù mi. Jẹ́jẹ́, bú mi. Jọ̀ọ́, bú mi díẹ̀."

"N ò ní bú ọ." Ó jókòó sórí ìtì igi kan. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹnì kan wà tó máa gbà mí síṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ọkọ̀ á gbéra ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ìjókòó méjì ni mo gbà."

"Ní kí n wá."

"Rárá."

"Kí ló dé? Bẹ̀ mí! O mọ̀ pé bó o bá bẹ̀ mí màá wá!"

"Ìdí tí n ò fi ní bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Tí mo bá bẹ̀ ọ́ tó o fi wá, lọ́jọ́ tí àárò ilé bá sọ ọ́, èmi ni wàá máa wò." Ó nu imú. "Ìjókòó wà níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. N ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Ohun tí mo lè ṣe nìyẹn."

Ẹ̀dùn ọkàn tó bá mi, bí wọ́n bá gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n á wọlẹ̀. Mi ò lè jẹun, mi ò sì lè dápàárá. Wọ́n ní ọmọ aládùúgbò wá béèrè bóyá mo ti kú, nítorí òun ò gbọ́ ariwo mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bàbá mi gbé àga ọ̀gá iléèwé lọ fún un. Màmá mi pè mí sí pálọ̀. Ó dúró níwájú àga bàbá mi.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nílé yìí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti rán aṣọ àga yìí. Mi ò rí inú rẹ̀ rí."

Ó fi irin ìtú-ìṣó sí mi lọ́wọ́.

"Mò ń lọ ra òwú."

"Màmá, òwú kún inú apẹ̀rẹ̀ yín."

"Mo ní mò ń lọ ra òwú!"

Ó lọ. Mo dojú àga dé, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwọn ìṣó tó di okùn abẹ́ rẹ̀ mú, àwọn tí wọn ò tú rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa lè fi ìṣó mọ ọwọ́ tó kàn án. Àwọn tó wà lápá kan fì sọ́hùn-ún, bí ti gbogbo wa. Àwọn tó wà lápá kejì fì síhìn-ín. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì lu òòlù ló kàn wọ́n. Kò sí ọlọ́wọ́ òsì kankan nínú ilé wa.

Mo gbé fóòmù kúrò. Orúkọ wà lára pákó, ní ìlà ìlà.

Ìlà àkọ́kọ́: orúkọ bàbá mi, ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn tó fì sẹ́yìn kọ *Ọlọ́wọ́ Òsì*. Ọdún rẹ̀ ti pẹ́, kí wọ́n tó bí mi, kí màmá mi tó wọ ilé náà. Ìlà kejì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Láti ìlà kẹta, orúkọ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló kọ méjèèjì. Ìlà kẹrin, ìkarùn-ún, títí dé èyí tó kọ lọ́dún tó kọjá. Ẹni náà ti lọ, bàbá mi sì ń bá a fọwọ́ sí i.

Mi ò mọ ìgbà tí bàbá mi wọlé. Mo kàn gbọ́ èémí lẹ́yìn mi. Mo rò pé yóò fi òòlù là mí lórí. Ó kúnlẹ̀ tì mí.

"Àwa méjì la jọ kọ́ṣẹ́," ló wí. "Àga tí a kọ́kọ́ ṣe nìyí."

"Níbo ló wà, Bàbá?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló lé e?"

"Bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí wa tó lọ sọ." Ó fi ìka tọ orúkọ náà. "Mò ń kan ìṣó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wá, àpò rẹ̀ léjìká. Ó ní, 'Ó yá, jẹ́ ká lọ.' Mo ní kó jẹ́ kí n parí ìlà ìṣó tó wà lọ́wọ́ mi. Ìlà kan péré. Ó dúró. Ó ń wo bí ọwọ́ mi ṣe ń falẹ̀. Nígbà tó yé e, ó lọ."

"Ìlà yẹn ńkọ́?"

"Mo ṣì ń kàn án."

Omi ń bọ́ lójú mi, inú sì ń bí mi. "Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ wá lé Jẹ́jẹ́!"

"Ṣé o gbàgbé onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta, tí wọ́n ní ó fẹ́ràn ọkùnrin bíi tirẹ̀? Ṣé o gbàgbé bí wọ́n ṣe gbé e jáde, tí àwọn tó ti gẹrun fún ń sọ ọ́ lókùúta? Mo ní tí mo bá tètè pín yín níyà, wọn ò ní gbọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ, tí mo sì mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí."

"Èmi ńkọ́?"

Màmá mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ariwo, èmi ńkọ́? Ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣé aṣọ orí àga ni mí?"

"Mo fẹ́ràn rẹ," ni bàbá mi wí, "bí mo ṣe lè fẹ́ràn."

"Mo mọ̀. Inú 'bí mo ṣe lè' yẹn ni mo ti ń gbé. Ó tutù níbẹ̀."

Màmá mi wá, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú àga, ó ka gbogbo orúkọ náà látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi. "Pẹ́ńsùlù." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé pẹ́ńsùlù kán.

"Èmi náà gbé nínú ilé yìí," ló wí. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ ń lọ lónìí. Agogo mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀?"

"Méjìlá, mà."

"Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Kí lo ń wò?"

Bàbá mi ti da aṣọ bo àga padà. Ó mú òòlù, ìṣó sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kó ìṣó sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo mú etí aṣọ. Mo fi ọwọ́ júwe fún un pé ká jọ parí ìlà yìí ná.

Ó gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Tu ìṣó ẹnu rẹ sílẹ̀! Má parí ẹ̀! Ṣé o gbọ́ mi? Má bá mi parí ìlà kankan láyé yìí! Dìde! Máa lọ!"

Mo tu wọ́n sílẹ̀. Mo dìde. Mi ò kó aṣọ, mi ò kó bàtà kejì. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Mo fo ajá kan, mo fo ajá náà lẹ́ẹ̀kejì nítorí òun náà ń sá lọ níwájú mi.

Ọkọ̀ ti ń kùn. Mo gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnì kan wà lórí ìjókòó yìí."

"Níbo ló wà?" ni obìnrin kan ń bi í. "Ṣé ẹ̀mí àìrí ni?"

"Ó ń bọ̀, mà."

"Láti ìgbà wo ló ti ń bọ̀?"

"Èmi nìyí!" ni mo ké. Gbogbo ọkọ̀ ló yíjú, dírẹ́bà tẹ fèrè láìmọ̀. "Èmi ni ẹ̀mí àìrí náà, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún!"

Jẹ́jẹ́ wò mí. "Ẹrù rẹ dà?"

"Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń bi mí léèrè."

Ó gbé ojú sí fèrèsé, ó sunkún títí a fi kúrò nílùú. Àwa méjèèjì la sunkún. Ẹ má rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Ọdún kẹta rèé. A ní ṣọ́ọ̀bù kan tó fẹ̀ tó àpótí ìṣáná. Jẹ́jẹ́ ń kan egungun, èmi ń fi aṣọ bò ó. Àwọn aládùúgbò rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wá, a sì jẹ́ kí wọ́n máa rò ó. Gbólóhùn kan kò ti ilé wá. Mo gbọ́ pé àǹtí mi ní wọn ò gbọdọ̀ pe orúkọ mi níṣojú òun. Lóòótọ́ mo ṣì ń pariwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn Jẹ́jẹ́ máa ń bá mi níbi tí mo dákẹ́ sí, á jókòó tì mí, kò ní bi mí.

Ní oṣù tó kọjá, awakọ̀ ẹrù kan já àga kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Apá rẹ̀ kan gbọọrọ. Aṣọ tuntun wà lórí rẹ̀, màmá mi ti rán an, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Kò sí lẹ́tà.

"Bàbá kan ní kí n gbé e fún yín," ni awakọ̀ wí. "Ó ní ọwọ́ òun ò gba òòlù mọ́. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun bò ó."

Mo kó ìṣó sẹ́nu, mo tú àga náà. Jẹ́jẹ́ dúró tì mí. Orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀, ti bàbá mi, ti Ọlọ́wọ́ Òsì, ti màmá mi tí ẹnu pẹ́ńsùlù kán sí. Lábẹ́ ti màmá mi, bàbá mi ti kọ méjì mìíràn: *Ariwo. Jẹ́jẹ́.* Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé tí mo sá lọ.

Ẹni tó bá ti lọ ni bàbá mi máa ń bá fọwọ́ sí i.

Jẹ́jẹ́ mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Ó kọ orúkọ márààrún, kò fo ẹnì kan, ó sì kọ ọjọ́ náà sí i. Èmi ń wò ó, ìṣó kún ẹnu mi, omi kún ojú mi.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, mo tu ìṣó ẹnu mi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kò ku ẹyọ kan. Mo fi ọwọ́ lé apá àga tó gbọọrọ yẹn.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá mi," ni mo wí, jẹ́jẹ́.